Aṣọ Funfun, Ojú Dúdú

Kí aago méje àárọ̀ Jímọ̀ọ̀ tó lù, Ìdúmọ̀tà ti gbóná. Àwọn alábàárù ń ké "ẹ yà o, ẹ yà fún ẹrù", ọkọ̀ dáńfó ti dí ẹsẹ̀ afárá Carter pa, àwọn aláṣọ ń tú ẹrù sílẹ̀. Àǹtí tí mo tẹ̀ lé jáde dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n ń jẹ àkàrà. Kámẹ́rà wọn ṣì wà nínú báàgì aṣọ kan tó ti ṣá, irú èyí tí èèyàn fi ń gbé ẹ̀fọ́ bọ̀ láti ọjà. Nígbà tí mo bi wọ́n pé ìgbà wo la máa bẹ̀rẹ̀, wọ́n nawọ́ sí òjìji òpó iná kan lára ògiri òdìkejì. "Tí òjìji yẹn bá ti sọ̀ dé ẹnu ilẹ̀kùn, àwa náà á máa lọ sí Dòsùmú. Kò tíì sí ìmọ́lẹ̀ gidi lọ́hùn-ún báyìí."

Ayàwòrán ni wọ́n, wọ́n ti lé ní àádọ́ta ọdún. Wọ́n bẹ̀ mí kí n má dárúkọ àwọn. Kámẹ́rà dígítà ni wọ́n fi ń ya ìgbéyàwó lọ́jọ́ Sátidé, òun ló ń san owó ilé, wọn ò sì fẹ́ kí ìyá ìyàwó kan kà nípa wọn níbì kan kó wá ní dandan, fíìmù ni kí wọ́n fi ya ọmọ òun. Jímọ̀ọ̀ ni ọjọ́ tiwọn. Ọ̀pọ̀ ọdún rèé tí wọ́n ti ń fi fíìmù dúdú àti funfun ya àwọn èèyàn Ìsàlẹ̀ Èkó tó fi aṣọ funfun múra fún ìrun Jímọ̀ọ̀. Mo bi wọ́n pé kí ló wà nínú aṣọ funfun. Wọ́n ní kò sí nǹkan kan níbẹ̀, ojú tó wà lókè aṣọ ni àwọn ń wá.

Rolleiflex àtijọ́ kan ni kámẹ́rà náà, Jámánì ni wọ́n ti ṣe é. Lẹ́ǹsì méjì ló ní, ọ̀kan lórí èkejì: ti òkè la fi ń wo nǹkan, ti ìsàlẹ̀ la fi ń yà á. Àyà la máa ń gbé e sí, a ó wá tẹrí ba wo dígí tó wà lókè rẹ̀. Nínú dígí yẹn, ọ̀tún ti di òsì. Wọ́n jẹ́ kí n wò ó, ojú mi dàrú: alábàárù tó ń ti ọwọ́ ọ̀tún mi bọ̀ ń gba ọwọ́ òsì wọlé. Àmọ́ nítorí pé Àǹtí kì í gbé nǹkan bojú, ẹni tí wọ́n ń yà máa ń rí ojú wọn. Ládùúgbò tí àwọn ọmọ ìta ti ń béèrè pé "Màmá, ta ló fún yín láṣẹ?", ìyẹn kì í ṣe nǹkan kékeré.

Irú kámẹ́rà yìí náà ni ayàwòrán Akínbọ̀dé Akínbíyì, tí wọ́n bí ní Oxford lọ́dún 1946, tó sì fi Berlin ṣe ilé, ń gbé fẹsẹ̀ rìn káàkiri Èkó, Cairo, Kinshasa àti Johannesburg. Ó ya àwọn tó ń wá sí Bar Beach fún ọ̀pọ̀ ọdún, kí wọ́n tó fi iyanrìn dí òkun níbẹ̀ kọ́ Eko Atlantic. Ní 2017, iṣẹ́ rẹ̀ wà ní documenta, àfihàn ńlá ti ìlú Kassel. Ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú àwọn fọ́tò rẹ̀ ni pé kò sẹ́ni tó ń ṣe níbẹ̀ bí ẹni tí wọ́n ká mọ́.

Fíìmù tó ń wọ Rolleiflex, àwòrán méjìlá ló ń gbà. Nígbà kan, kò sí àdúgbò tí kò ní ilé ìfọ́tò tó ń fọ fíìmù lójú ẹsẹ̀. Ọ̀pọ̀ wọn ti kógbá wọlé. Nísinsìnyí, ẹni tó bá ń bọ̀ láti Lọ́ńdọ̀nù ló ń bá Àǹtí ra fíìmù Ilford. Onítọ̀hún á gbé e dání, á sì máa bẹ àwọn ará pápákọ̀ òfurufú pé kí wọ́n fọwọ́ yẹ̀ ẹ́ wò, nítorí ẹ̀rọ ayẹrù tuntun tí wọ́n ń lò báyìí lè ba fíìmù jẹ́ kó tó délé. Àǹtí ò sì lè máa yà á ní ìnákúnàá.

Òjìji dé ẹnu ilẹ̀kùn. A lọ.

Ní ẹ̀gbẹ́ títì Dòsùmú, Alhaji kan tó ń tún aago ṣe jókòó sábẹ́ agbòjò pẹ̀lú àpótí onídígí níwájú. Jalabíà funfun ló wọ̀. Àǹtí kí i pé báríkà Jímọ̀ọ̀, wọ́n béèrè iṣẹ́, wọ́n béèrè ọmọ, wọ́n gbé aago ọwọ́ wọn kalẹ̀ kó bá wọn wo báńdì rẹ̀. Ẹ̀yìn èyí ni wọ́n tó mẹ́nu ba fọ́tò.

"Mà, kí lẹ fẹ́ fi ṣe? Àbúrò mi kan, wọ́n gbé fọ́tò rẹ̀ sórí Facebook, wọ́n ní olè ni."

"Èmi ò gbé e síbì kankan, Alhaji. Pépà ni mo máa tẹ̀ ẹ́ sí, mo sì máa mú tiyín wá fún yín."

"Èló?"

"Ọ̀fẹ́ ni."

"Ọ̀fẹ́ kẹ̀! L'Ékòó?"

Ó rẹ́rìn-ín, ó sì gbà. Ibi tó wá ṣòro nìyẹn. Mítà tí wọ́n fi ń wọn ìmọ́lẹ̀ ò mọ Alhaji yàtọ̀ sí aṣọ rẹ̀. Ohunkóhun tí a bá kọ ọ́ sí, ó gbà pé àwọ̀ eérú ni. Tí a bá kọ ọ́ sí jalabíà, á ní ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù, kí a dín in kù. Bí a bá gbọ́ tirẹ̀, aṣọ á di eérú, ojú Alhaji á sì di èédú, imú àti ẹnu ò ní yàtọ̀ síra mọ́. Tí a bá kọ ọ́ sí ojú, á ní ìmọ́lẹ̀ ò tó, kí a fi kún un. Ojú á di eérú, aṣọ á sì funfun débi pé ìránpọ̀ ọrùn rẹ̀ á pòórá. Àwọn tó ṣe ohun èlò fọ́tò kò ronú kàn wá nígbà tí wọ́n ń ṣe é. Nílẹ̀ Amẹ́ríkà, fún ọ̀pọ̀ ọdún, fọ́tò obìnrin òyìnbó kan tí wọ́n ń pè ní Shirley ni àwọn tó ń tẹ fọ́tò aláwọ̀ fi ń mọ̀ bóyá àwọ̀ ara èèyàn gún. Ẹni tí ara rẹ̀ bá jọ ti Shirley, fọ́tò rẹ̀ á dára. Àwa tó kù, ká máa fi eyín dá ara wa mọ̀.

Àǹtí gbé mítà sún mọ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọkùnrin náà, ní apá ibi tí òjìji wà, níbi tí pélé rẹ̀ kékeré ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́ tán. Wọ́n kà á, wọ́n wá dín ihò lẹ́ǹsì kù ní ìpele kan. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ yẹn ò rí bí eérú, wọ́n ní, kí ló dé tí àwọn á fi gbà fún mítà? Alhaji fẹ́ fi áńkáṣíìfù nu òógùn iwájú orí. Wọ́n ní kó fi í sílẹ̀. Lára dúdú, ibi tó bá ń dán la fi ń mọ bí egungun ṣe tò. Lọ́jọ́ Sátidé, àwọn tó ń kun ìyàwó lójú á ti fi páúdà pa gbogbo rẹ̀, Àǹtí ò sì lè sọ̀rọ̀, torí owó ni. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n dúró, Alhaji gbàgbé wa, ó kọjú sí aago tó ń tú, wọ́n tún tẹ̀ ẹ́. Ó tán.

Láti ibẹ̀, a gba Tinúbú kọjá. A kọjá níbi tí Ilojo Bar wà tẹ́lẹ̀, ilé Àgùdà tí ìdílé Fernandez kọ́ ní 1855, tí ìjọba ti kéde pé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé orílẹ̀-èdè ni, tí wọ́n sì wó lulẹ̀ ní Sẹ́tẹ́ńbà 2016. Nẹ́gátíìfù rẹ̀ wà nílé Àǹtí. Mo retí kí wọ́n sọ nǹkan kan. Wọ́n ra omi tútù.

Ṣómólú ni wọ́n ń gbé, láàárín ariwo ẹ̀rọ ìtẹ̀wé. Ilé ìwẹ̀ wọn kejì ni yàrá òkùnkùn. Pákó dí fèrèsé, aṣọ dúdú wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé iná pupa ni wọ́n ń tàn ṣe gbogbo iṣẹ́ ibẹ̀. Pépà ni iná pupa ò ṣe ní nǹkan kan. Irú fíìmù yìí, ó máa bà á jẹ́. Òkùnkùn biribiri ni wọ́n fi ń ká fíìmù sórí róòlù kí wọ́n tó tì í bọnú táǹkì. Mo dúró sínú òkùnkùn náà, mò ń gbọ́ bí fíìmù ṣe ń ha róòlù. Nígbà tí wọ́n dé táǹkì tán, a tan iná, bó tilẹ̀ jẹ́ pé NEPA ti mú iná tiwọn lọ, tọ́ọ̀ṣì la tàn.

Ooru ni wọ́n ń bá jà jù. Dẹfẹ́lópà D-76 tí wọ́n fi ń fọ Ilford HP5, 20°C ni àwọn tó ṣe é kọ sára ìwé. Omi ẹ̀rọ ilé wọn lé ní 28°C lọ́jọ́ náà. Bí omi bá ti gbóná, àkókò ìfọ̀ á kúrú. Tó bá wá kúrú jù, ojú ọ̀run inú fọ́tò á lábàwọ́n. Omi inú ọ̀rá tó ti dì gbagidi nínú fìríìsà ni wọ́n tò yí ìgò ká nínú báàsì, tẹmómítà wà láàárín. Ọjọ́ tí iná ò bá sí rárá, wọ́n á rán ọmọ lọ ra yìnyín lọ́dọ̀ ẹlẹ́ja. Wọ́n fi omi la dẹfẹ́lópà dọ́gba-dọ́gba, ìṣẹ́jú mọ́kànlá. Nínú ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan, wọ́n á dorí táǹkì kodò lẹ́ẹ̀mẹrin, wọ́n á sì gbá a mọ́lẹ̀ díẹ̀ kí ìhó omi lè kúrò lára fíìmù. Háípò ló kàn, òun ló ń kó fàdákà tí ìmọ́lẹ̀ ò kàn kúrò lára fíìmù.

Lẹ́yìn ooru, ẹ̀fọn. Ojú fíìmù tútù rọ̀, ẹ̀fọn tó bá bà lé e, ibẹ̀ ló máa kú sí. Wọ́n fi fọ́tò ìyá arúgbó kan hàn mí, ẹ̀fọn wà létí gèlè rẹ̀ rọ́ndọ́rọ́ńdọ́. Wọn ò jù ú nù. Wọ́n ní ọmọ Èkó lòun náà.

Alẹ́ ni wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ sí pépà, nígbà tí iná bá dé, torí pé ẹnlájà, ẹ̀rọ tó ń mú àwòrán tóbi, ò lè ṣiṣẹ́ láìsí iná. Iṣẹ́ tí mo rò pé ó máa gba wákàtí kan gba gbogbo alẹ́. Pépà àkọ́kọ́, etí Alhaji wọnú agbòjò lọ. Èkejì, ojú pọ́n, pélé ò sí. Àǹtí mú páálí kékeré tó wà lórí wáyà, wọ́n fi síji bo ojú rẹ̀ fún ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀ kó má baà ṣú jù, wọ́n sì jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ pẹ́ sí i lórí jalabíà títí ìránpọ̀ rẹ̀ fi jáde. Wọ́n ń mi páálí náà láìdúró, kí etí síji má baà hàn. Irú ọgbọ́n inú yàrá òkùnkùn yìí ti pẹ́ nílẹ̀ wa. Ní Ìlá Ọ̀ràngún, nǹkan bí àádọ́ta ọdún sẹ́yìn, tí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú, ayàwòrán á ya èyí tó kù, á tẹ nẹ́gátíìfù kan náà lẹ́ẹ̀mejì sórí pépà kan, Táíwò àti Kẹ́hìndé á tún jókòó pọ̀.

Nígbà tí pépà wà nínú omi, wọ́n ṣí ìwé fọ́tò J. D. 'Okhai Ojeikere fún mi. Inú irú yàrá yìí ni ọkùnrin náà ti bẹ̀rẹ̀, ní 1954, gẹ́gẹ́ bí amúgbálẹ́gbẹ̀ẹ́ nínú yàrá òkùnkùn ilé iṣẹ́ ìròyìn ìjọba ní Ìbàdàn. Láti 1968 ló ti ń ya irun obìnrin, láti ẹ̀yìn lọ́pọ̀ ìgbà, títí tó fi tó nǹkan bí ẹgbẹ̀rún kan. Àǹtí fi ìka tọ ìpàkọ́ obìnrin kan: òwú dúdú, irun dúdú, ọrùn dúdú. Dúdú mẹ́ta lórí ara wọn, kò sí èyí tó gbé èkejì mì.

Ti Rótìmí Fání-Káyọ̀dé ni wọ́n ṣí tẹ̀ lé e, ọmọ Ifẹ̀ tí ìdílé rẹ̀ sá kúrò nílé lẹ́yìn ìfipágbàjọba 1966, tó bá wọn dá ẹgbẹ́ ayàwòrán Autograph sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1988, tó sì kú ní 1989, ọmọ ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n. Ọ̀pọ̀ èèyàn nílé ò tíì lè wo fọ́tò rẹ̀ títí di òní, nítorí ìhòòhò àti nítorí pé kò fi ìfẹ́ ọkùnrin sí ọkùnrin pa mọ́. Tèmi, mo rò pé kò sẹ́ni tó mọ bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń yọ́ lọ lórí èjìká ọmọ Yorùbá tó o.

Nípa títà, ọ̀rọ̀ ò pọ̀. Àfihàn LagosPhoto ti wà láti 2010, ọjà iṣẹ́ ọnà ART X láti 2016, àwọn olówó kan sì ti ń ra fọ́tò báyìí. Wọ́n ra díẹ̀ lára ti Àǹtí. Kò tó owó ìgbéyàwó kan.

Ní Jímọ̀ọ̀ mìíràn, a padà sí Dòsùmú. Alhaji gba fọ́tò, ó wò ó, ó dákẹ́.

"Àǹtí, ó ti dúdú jù."

Obìnrin tó ń ta bẹ́líìtì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ní, "Bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe rí, Alhaji." Alhaji fa fọ́tò pélébé kan yọ nínú àpótí, èyí tí wọ́n yà fún un ní sítúdíò kan, tí wọ́n ti fi kọ̀ǹpútà bó ojú rẹ̀ dáadáa. Ó ní bí òun ṣe rí gan-an nìyẹn. Àǹtí ò bá a jiyàn. Wọ́n ní kó gbé dígí tó fi ń wo inú aago sójú, kó wá wo fọ́tò àwọn.

Ó gbé e sójú. Ó wo aago tó wà lọ́wọ́ ara rẹ̀ nínú fọ́tò, ó dárúkọ ìdè kan tó rí níbẹ̀. Ó gbé fọ́tò sókè díẹ̀, ó dé ẹ̀rẹ̀kẹ́.

"Ilà yìí hàn," ó ní. "Èmi rò pé ó ti parẹ́."

Ó fi í sínú àpótí, lábẹ́ àwọn aago. Lẹ́yìn náà ló ní kí Àǹtí bá òun tẹ ọ̀kan sí i fún ìyá àwọn ọmọ, ṣùgbọ́n tiẹ̀, kí ó pọ́n díẹ̀.

"Èyí tó dúdú, ọ̀fẹ́ ni," Àǹtí ní. "Èyí tó pọ́n, ẹ máa sanwó."