Iná Wà, Ọ̀nà Ni Kò Gbà Á

Ní oṣù kẹjọ ọdún 2019, ìjọba Benin ṣí ibùdó amúnáwá Maria-Gléta tuntun nítòsí Abomey-Calavi, megawáàtì 127. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń gbé Aklampa, lábẹ́ Glazoué, ní ilẹ̀ olókè tó yí Ìdáàṣà ká, ní ìbéèrè mìíràn: ọ̀nà wo ni iná etí òkun yóò gbà dé ọ̀dọ̀ wa? Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ wà lórí waya náà.

Ooru ló ń fà á. Bí iná ṣe ń pọ̀ lórí waya ni waya ń gbóná, bó ṣe ń gbóná ló ń nà, tó sì ń rọ̀ wálẹ̀. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹjọ ọdún 2003, àwọn waya ńlá ní Ohio, ní Amẹ́ríkà, rọ̀ títí wọ́n fi kan igi. Wọ́n já kúrò lẹ́nu iṣẹ́, ẹrù wọn ya sórí àwọn tó kù, àwọn náà kò gbà á. Kí ilẹ̀ tó ṣú, iná ti lọ mọ́ nǹkan bí mílíọ̀nù 50 ènìyàn lọ́wọ́, títí dé Kánádà.

Ìdí nìyí tí àwọn tó ń darí iná kì í fi í kún waya dé ẹnu. Bí ọ̀kan bá já lójijì, àwọn yòókù gbọ́dọ̀ lè gbé ẹrù rẹ̀ mọ́ tiwọn. Waya tí àyè ṣì wà lórí rẹ̀ lójú wa lè ti kún lójú wọn.

Nàìjíríà rí i ní ọjọ́ 22 oṣù kẹwàá ọdún 2024. Waya ńlá Ugwuaji sí Apir yọnu, òkùnkùn sì bo ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ Àríwá. Àwọn ibùdó amúnáwá gúúsù wà níbẹ̀. Ọ̀nà tí iná wọn ń gbà gòkè ló já. Ọ̀nà kejì, láti Shiroro sí Mando, ti bàjẹ́ ṣáájú, àìsí ààbò kò sì jẹ́ kí wọ́n lọ tún un ṣe. Ọjọ́ 30 oṣù náà ni wọ́n tó rí waya Ugwuaji lò padà.

Kí ni àwọn tó ń darí iná ń ṣe sí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ yìí? Wọ́n á ní kí ibùdó tó wà lẹ́yìn ibi tó há dín iná kù, kí èyí tó sún mọ́ àwọn tó ń lò ó fi kún tirẹ̀, bó tilẹ̀ wọ́n jù. Ní Scotland, wọ́n ń sanwó fún àwọn ẹ̀rọ kan tó ń fi afẹ́fẹ́ ṣe iná pé kí wọ́n dúró, torí waya tó lọ sí England kò gba gbogbo iná wọn. Aráàlú ló ń san án. Níbi tí kò sí ibùdó mìíràn níwájú, délestage ló kù, ìyẹn pípa iná àdúgbò kan lẹ́yìn òmíràn; àwa náà mọ̀ ọ́n.

Ó ṣeé ṣe kí wọ́n pààrọ̀ waya sórí òpó àtijọ́, kí wọ́n fi èyí tí ooru kì í tètè mú rọ̀ sí i, tàbí kí wọ́n máa wọn afẹ́fẹ́ tó ń tu waya lára, kí wọ́n lè mọ ìgbà tó lè gbé ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Iṣẹ́ tó yá nìyẹn, ṣùgbọ́n mínísítà wo ló fẹ́ wá gé rìbọ́nù nídìí waya?

Ní Benin, waya ńlá kan lọ láti Onígbólò sí Párákù. Àwọn kéékèèké ló ń pín iná kiri abúlé. Bí waya tínrín bá sì ṣe ń gùn sí i ni agbára iná ń rọ̀ kó tó dé ìparí rẹ̀. Ibùdó sólà Illoulofin, megawáàtì 25 tí wọ́n ṣí ní Pọbẹ̀ ní 2022, gúúsù náà ló wà. Sólà tí wọ́n bá gbé sí ilẹ̀ olókè fúnra rẹ̀ yóò gba ẹrù lórí waya, ṣùgbọ́n láìsí bátìrì, ọ̀sán nìkan ni, bẹ́ẹ̀ alẹ́ ni gbogbo ilé ń tan iná.