Ìwọ̀fà Tí A Kò Pè Ní Ìwọ̀fà

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ gbé yẹ̀ wò yìí kan Ìsàlẹ̀ Ìjẹ̀bú, ó kan Ọjà'ba, ó sì kan gbogbo agbo ilé tí ó yí òkè Màpó ká.

Láyé àtijọ́, bí gbèsè bá wọ ilé kan ní Ìbàdàn, bàbá lè fi ọmọ rẹ̀ sọfà. Samuel Johnson ṣàlàyé rẹ̀ nínú ìwé ìtàn Yorùbá tí a tẹ̀ jáde ní 1921. Iṣẹ́ ìwọ̀fà ni èlé owó. Kì í dín owó náà kù rárá. Àgbàlagbà a máa sùn ní ilé ara rẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ olówó ni ọmọdé ń gbé. Ìnira ni, síbẹ̀ kò fara sin: onígbọ̀wọ́ wà, àdúgbò sì mọ ẹni tí ó bí ọmọ náà.

Ní 1956, àwọn orílẹ̀-èdè àgbáyé ṣe àdéhùn ní Geneva, wọ́n sì ka fífi ọmọ sin gbèsè mọ́ ìwà tí ó bá oko ẹrú tan. Ní Nàìjíríà, Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti 2003 kọ̀ kí a gba ọmọ ṣe iṣẹ́ ilé lẹ́yìn ilé àti ẹbí rẹ̀.

Inú ọ̀rọ̀ "ẹbí" yìí gan-an ni ìwà náà sá pamọ́ sí. Ẹni tí ó mú ọmọ wá láti abúlé a ní, "Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ni," owó iṣẹ́ ọmọ a sì máa bọ́ sí i lọ́wọ́. Ní 2003, a kó àwọn ọmọ orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ tí wọ́n lé ní 100 kúrò níbi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta ní agbègbè Abẹ́òkúta. Ìta gbangba ni àwọn wọ̀nyẹn wà. Ta ni yóò rí èyí tí ń fọ abọ́ lẹ́yìn ilẹ̀kùn?

Kì í ṣe gbogbo ọmọ àgbàtọ́ ni a ń jẹ níyà. Ìbéèrè ni yóò fi ìyàtọ̀ hàn. Nígbà wo ni ó rí àwọn òbí rẹ̀ kẹ́yìn? Ọwọ́ ta ni owó rẹ̀ ń bọ́ sí? Ǹjẹ́ ó ń lọ sí ilé-ìwé bí ọmọ onílé? Bí ó bá fẹ́ padà sílé, ta ni yóò dá a dúró? Ẹ bi í pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kí ó má ṣe jẹ́ níwájú ìyá ilé. Bí ìdáhùn bá burú, ẹ má ṣe bá onílé jà, kí wọ́n má baà gbé ọmọ náà lọ ní òru. Ẹ sọ fún NAPTIP, ilé-iṣẹ́ ìjọba tí a dá sílẹ̀ ní 2003 láti dojú kọ òwò ènìyàn.

Ojú mẹ́rin ní í bímọ, igba ojú ní í wò ó. Ẹ jẹ́ kí tiwa wà nínú igba náà.