ÀÌSÀN ỌWỌ́ GBÍGBỌ̀N: Oògùn wà nínú ẹ̀wà kan o, àmọ́ ẹ má tìtorí ẹ̀ da ti dókítà nù!

Bí ọwọ́ bàbá télọ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n pẹ̀pẹ̀, tí kò rí òwú ti bọ ojú abẹ́rẹ́ mọ́, tàbí tí màmá aláta ń ka owó tí owó ń jábọ́, kí lẹ rò pé ará ilé máa kọ́kọ́ sọ? Wọ́n á ní ayé ló ń bá wọn jà. Àwọn mìíràn á ní ogbó ló dé. Àwọn tí ò láàánú tiẹ̀ máa ń sọ pé ọtí ni! Bẹ́ẹ̀ sì rèé, àìsàn ni, ó sì lórúkọ. Parkinson ni wọ́n ń pè é, nítorí James Parkinson, dókítà ará Lọ́ńdọ̀nù, ló kọ ìwé nípa ẹ̀ ní 1817, lẹ́yìn tó ti kíyè sí èèyàn 6 tó ń ṣe. Àìsàn yìí kan náà ni wọ́n bá lára Muhammad Ali ní 1984. Ẹni tí ẹ̀ṣẹ́ ẹ̀ ń gbé géńdé sánlẹ̀ ló wá ń gbọ̀n, ó sì bá a yí títí tó fi kú ní 2016. Ta ni yóò wá sọ pé àjẹ́ ilé bàbá ẹ̀ ló ṣe é?

Àyè kékeré kan wà nínú ọpọlọ tó ń pèsè ohun tí wọ́n ń pè ní dopamine. Òun ló ń jẹ́ kí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ gbọ́ràn sí ọpọlọ lẹ́nu. Bí ibẹ̀ bá ń kú díẹ̀díẹ̀, ọwọ́ á máa gbọ̀n nígbà tó bá sinmi lórí itan, ara á le, ẹsẹ̀ á máa wọ́ nílẹ̀, ohùn á sì lọ sílẹ̀.

Níbo ni ẹ̀wà ti wọ ọ̀rọ̀?

Kì í ṣe olóyin o. Fava ni, ẹ̀wà ńlá pẹlẹbẹ tí àwọn ará Íjíbítì ń pè ní fúùlù, tí wọ́n ń sè títí yóò fi rọ̀ bí ẹ̀wà àgànyìn. Àwọn Àlájì àti Àlájà tó ti dé Mẹ́kà lè ti jẹ ẹ́ níbẹ̀.

Ní 1913, Marcus Guggenheim yọ ohun kan tó ń jẹ́ levodopa lára ẹ̀wà yìí ní Switzerland. Ó gbé e mì láti dán an wò, èébì ló fi bì! Nígbà tó di 1961, Walther Birkmayer àti Oleh Hornykiewicz fi gún àwọn aláìsàn lábẹ́rẹ́ ní Vienna. Àwọn tí ò lè dìde lórí ibùsùn dìde, wọ́n ń rìn! Ọpọlọ ló ń sọ levodopa di dopamine. Títí dòní, òun ni aṣíwájú oògùn àìsàn yìí. Ní 1992, àwọn dókítà Ísírẹ́lì fún aláìsàn 6 ní fava sísè, gíráàmù 250, ara wọn sì dẹ̀.

Bí wọ́n ṣe ń gbìn ín

Òtútù ni fava fẹ́. Oṣù October sí November ni wọ́n ń gbìn ín ní Íjíbítì, nígbà tí ooru bá rọlẹ̀. Ọmọ Yorùbá tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù lè gbìn ín sẹ́yìnkùlé láàárín February sí April: kí hóró wọlẹ̀ ní ìnṣì 2, kí èkíní jìnnà sí èkejì ní ìnṣì 8. Tó bá di June, ó ti ń tó ká. Èso tútù, tòun ti èèpo ẹ̀, ni levodopa pọ̀ sí ju hóró gbígbẹ lọ. Nílẹ̀ Yorùbá níbí, ooru ló máa ń gbọn òdòdó ẹ̀ dànù. Wèrèpè tó ń yún èèyàn lára ni tiwa, levodopa inú hóró ẹ̀ tiẹ̀ ju ti fava lọ fíìfíì.

Ibi tí ewu wà

Ẹ fara balẹ̀ o! Ẹ̀wà ò ní òṣùwọ̀n. Eléyìí lè ní púpọ̀ nínú, kí ìyẹn ní díẹ̀. Ẹni tó ń lo hóró dókítà, tó tún ń jẹ fava tàbí tó ń gún wèrèpè mu, lè bẹ̀rẹ̀ sí í bì, kí òòyì máa kọ́ ọ, kó máa rí ohun tí kò sí níbẹ̀. Ẹni tó sì ṣàdédé ja oògùn ẹ̀ sílẹ̀, ara lè gan mọ́ ọn, kí ibà gbígbóná sì gbẹ̀mí ẹ̀.

Òmíràn tún wà níbẹ̀. Ẹ̀yin ìyá mọ̀ pé káńfọ̀ inú aṣọ a máa sọ ojú ọmọ tuntun mìíràn di pípọ́n ràkọ̀ràkọ̀. Irú ẹ̀jẹ̀ tí ọmọ bẹ́ẹ̀ ní, tí wọ́n ń pè ní G6PD, ó tó ọkùnrin kan nínú márùn-ún tó ní in nílẹ̀ Yorùbá. Bí irú wọn bá jẹ fava, ẹ̀jẹ̀ wọn lè máa fọ́, ìtọ̀ á dúdú bíi tíì tí ò ní mílíìkì. Ìyẹn lè pa èèyàn.

Nítorí náà, ẹ gbé àgbàlagbà yín lọ rí dókítà ọpọlọ ní ilé ìwòsàn ńlá, bíi UCH n'Ìbàdàn tàbí LUTH l'Ékòó. Bí fava bá wà nílẹ̀, ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wò kó tó kan ẹnu, kí dókítà sì mọ̀ sí i. Bí wọ́n bá fún wọn ní levodopa, kí wọ́n lò ó ní ìdajì wákàtí kí wọ́n tó jẹun, nítorí ẹran àti ẹ̀wà a máa dí i lọ́nà. Àìsàn yìí ò tíì ní àwòtán, àmọ́ oògùn tí wọ́n bá lò déédéé lè dá abẹ́rẹ́ padà sọ́wọ́ bàbá télọ̀. Ẹ má fi àkókò ìyẹn wá ẹni tó ṣe é kiri àdúgbò.