Ṣé o mọ̀? Yí ewé náà dà kí o tó dáhùn

Ṣé o mọ̀ pé kòkòrò kan wà tí ọmọ inú rẹ̀ ti lóyún kí ìyá tó bí i? Wọ́n wà lára ata rẹ báyìí, àwọn jòjòló aláwọ̀ ewé tó ń rọ́ mọ́ ọ̀mùnú. Obìnrin ló pọ̀ jù nínú wọn, wọn kì í sì í dúró de ọkọ kí wọ́n tó bímọ.

Ṣé ewé ata inú rọ́bà ọ̀dà tó wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ ní Kúdẹtì ń lẹ̀ mọ́ ọ lọ́wọ́, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni ò da ṣúgà sí i? Ìgbẹ́ kòkòrò ni! Má tutọ́ o: èèrà fẹ́ràn rẹ̀ débi pé ó ń da àwọn kòkòrò náà bí darandaran ṣe ń da màlúù, ó ń fún wàrà lára wọn, ó sì ń lé ẹni tó bá fẹ́ jẹ wọ́n. Nítorí náà, bí èèrà bá ń lọ tó ń bọ̀ lára igi ata, má pa á. Tẹ̀ lé e, yóò mú ọ dé ilé ọ̀daràn.

Èwo ni tèyí tó ń ta òwú tín-ín-rín sábẹ́ ewé nígbà ọyẹ́, tí ewé á sì bẹ̀rẹ̀ sí í ní àmì tótòtó? Kòkòrò kọ́ rárá, ìbátan aláǹtakùn àti eégbọn ni, ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́jọ. Àmọ́ gbọ́ èyí: ẹsẹ̀ mẹ́fà péré ló fi ń jáde nínú ẹyin, méjì tó kù ṣì ń bọ̀ lọ́nà! Omi ni ọ̀tá rẹ̀. Fi omi fọ abẹ́ ewé dáadáa, o ti bà á lọ́kàn jẹ́.

Òun kan náà ló ń yọ àwọn tó ń gbin igbó sínú yàrá lábẹ́ gílóòbù lẹ́nu ní Kánádà, níbi tí òfin ti fọwọ́ sí i láti 2018. (Níhìn-ín, NDLEA ni yóò kọ́kọ́ bá ọ yí ewé dà, ẹ jẹ́ ká máa bá ata wa lọ.) Ohun tí èèyàn máa fà símú kò ṣeé da oògùn lé lórí, ni wọ́n bá ń ra ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́jọ mìíràn, pupa rúsúrúsú, tó ń jẹ ti àkọ́kọ́. Ta ló kọ́kọ́ gbé e dé Jámánì ní 1958? Kò sẹ́ni tó mọ̀ọ́mọ̀ gbé e: ara òdòdó tó ti Chile wá ló fara pamọ́ sí.

Ṣé o mọ̀ pé Ìbàdàn wa yìí ni wọ́n ti tú agbọ́n tí kò gùn ju mìlímítà 2 lọ sílẹ̀ láti gba ẹ̀gẹ́ Áfíríkà là? Ní 1981 ni, ní IITA, lójú ọ̀nà Ọ̀yọ́. Kòkòrò oníyẹ̀fun tó ń pa ẹ̀gẹ́ ti wọ Kóńgò láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, kò sì sí akọ kan ṣoṣo nínú wọn! Paraguay ni wọ́n ti rí agbọ́n náà. Ó gba London kọjá kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Inú kòkòrò náà gan-an ló ń yé ẹyin sí, ọmọ rẹ̀ á sì jẹ ẹ́ láti inú jáde. Ẹyin tí akọ ò bá gùn ńkọ́? Akọ ló ń dà!

Wọ́n tilẹ̀ ń fi ọkọ̀ òfuurufú da agbọ́n náà sílẹ̀. Bàálù, fún agbọ́n! Ó rídìí jókòó ní orílẹ̀-èdè tó lé ní 20, Hans Herren tó darí iṣẹ́ náà sì gba World Food Prize ní 1995.

Ìbátan oníyẹ̀fun yẹn ló ń gbé àrùn tó ń wú ẹ̀ka kòkó, èyí tí wọ́n rí ní Gold Coast ní 1936. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní kí wọ́n gé igi tó ṣàìsàn, inú bí àgbẹ̀, ìbínú náà sì wà lára ohun tó dá rúkèrúdò 1948 sílẹ̀ níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká padà sídìí ẹ̀gẹ́: ní orílẹ̀-èdè Benin, ní 1993, wọ́n tú ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́jọ kan tó wá láti Brazil sílẹ̀ láti jẹ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́jọ mìíràn tó ń ba ẹ̀gẹ́ jẹ́. Lọ́sàn-án, ọ̀mùnú ló ń sá sí. Ilẹ̀ á ṣú tán kó tó sọ̀ kalẹ̀ wá jẹun.

O fẹ́ oògùn tìrẹ? Ọjà'ba ò jìnnà. Ọṣẹ dúdú tí wọ́n fi eérú èèpo kòkó ṣe kún fún pọ́táṣíọ́mù, irú ọṣẹ oní-pọ́táṣíọ́mù bẹ́ẹ̀ náà sì ni òyìnbó ń rọ sínú ìgò, tó ń tà gẹ́gẹ́ bí apakòkòrò! Ra èyí tí wọn ò po nǹkan mọ́, pò ó kó ṣàn, kọ́kọ́ dán an wò lára ewé kan, lẹ́yìn náà fín in sí abẹ́ ewé nírọ̀lẹ́. Bó bá ṣì tutù ló ń pa wọ́n. Bó bá ti gbẹ, agbára ti tán. Ọṣẹ ìfọṣọ lẹ́bú ò wúlò níbẹ̀, ó lè jó ewé.

Dóńgóyárò? Kì í pa kòkòrò lójú ẹsẹ̀. Ṣe ló ń gba oúnjẹ lẹ́nu rẹ̀, tí kò sì ní jẹ́ kó lè bọ́ awọ àtijọ́ sílẹ̀. Kóró èso rẹ̀ sì lágbára ju ewé lọ.

Mi igi tòmátì rẹ. Àwọn funfun kéékèèké fò dìde? Gé kẹ́ẹ̀gì yẹ́lò tó ti dẹ́nu kọlẹ̀, fi gíríìsì pa á, gbé e kọ́ sí ẹ̀gbẹ́ igi náà: fúnra wọn ni wọn yóò wá lẹ̀ mọ́ ọn. Yẹ́lò ni o! Bó bá jẹ́ búlúù lo gbé kọ́, kòkòrò tẹ́ẹ́rẹ́ mìíràn tó ń họ ara ewé ló máa wá jẹ́ ìpè.