Irin Tí Lílù Ń Mú Le

Àwọn àgbà ní, alágbẹ̀dẹ tí ó ń lu irin lójú kan, ó ní ohun tí ó fẹ́ fà yọ níbẹ̀. Láti ìgbà láéláé ni alágbẹ̀dẹ sì ti mọ̀ pé bí ojú àdá bá pọ́n nínú iná, tí a tì í bọ omi lójijì, yóò le. Bí ó bá le jù, yóò máa ṣẹ́. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1882, ní ìlú Sheffield ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Robert Hadfield ṣe irin kan tí ìwà rẹ̀ yàtọ̀ pátápátá: omi kò sọ ọ́ di ẹlẹgẹ́, ńṣe ni ó mú un yi.

Ọ̀nà méjì ni àwọn átọ́ọ̀mù irin ń gbà tò. Bí irin pọ́ńbélé bá gbóná dé 912 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́ńtígíréèdì, yóò kúrò nínú ìtò kìn-ín-ní bọ́ sí èkejì. Ìtò kejì yìí gba kábọ́ọ̀nù, èyí tí ó pọ̀ jù nínú èédú, ju ti ìṣáájú lọ. Bí irin bá ń tutù díẹ̀díẹ̀, kábọ́ọ̀nù a ráyè jáde, irin a sì padà sí ìtò rẹ̀ àtijọ́ wọ́ọ́rọ́wọ́. Bí omi bá bá a lójijì, kábọ́ọ̀nù a há mọ́ ibi tí kò gbà á. Híhá yìí ni ó ń mú irin le, òun náà ni ó ń mú un ṣẹ́.

Iṣẹ́ máńgáníìsì ni láti fa ìpadàbọ̀ yìí sẹ́yìn. Bí ó bá ti ń pọ̀ sí i nínú irin, bẹ́ẹ̀ ni irin ní láti tutù sí i kí ó tó lè yí padà. Nígbà tí ó bá tó ìwọ̀n 5 nínú 100, irin a máa fọ́ bí ìkòkò. Hadfield kò dúró níbẹ̀. Bí máńgáníìsì bá tó 12 sí 13, tí kábọ́ọ̀nù sì tó bí 1.2, tí a mú irin náà gbóná kọjá 1,000, tí a tì í bọ omi, yóò tutù tán nínú ìtò kejì. Òòfà pàápàá kò ní lè fà á. Ṣùgbọ́n bí a bá jẹ́ kí ó tutù díẹ̀díẹ̀, kábọ́ọ̀nù a kóra jọ sí ààlà àwọn hóró inú rẹ̀, irin náà a sì di ẹlẹgẹ́.

Ibi tí a bá lù lára irin yìí ni ó ń le sí i, inú rẹ̀ a sì wà ní yíyi. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń fi í ṣe ẹnu ẹ̀rọ tí ń fọ́ òkúta, àti ibi tí ojú irin rélùwéè ti ń kọjá lórí ara wọn. Nígbà Ogun Àgbáyé Kìn-ín-ní, òun ni wọ́n fi ṣe akoto tí ó dáàbò bo orí àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì.

Kì í ṣe ohun tí a bù mọ́ irin nìkan ni ó ń sọ ìwà rẹ̀. Ìwọ̀n ohun náà ń bẹ níbẹ̀, bí a ti mú irin tutù sì ń bẹ níbẹ̀. Ẹni tí ó bá dúró ní ìwọ̀n 5 yóò pe máńgáníìsì ní ọ̀tá irin.