Gbólóhùn switch nínú Èdè C: case Kì í Ṣe ‘Bí’

1.0 Ìfáárà

Dennis Ritchie ni ó ṣẹ̀dá èdè C ní Bell Labs, ní Amẹ́ríkà, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970. Èdè àtọwọ́dá tí a fi ń pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà ni. Nínú iṣẹ́ yìí, a ó ṣe àlàyé gbólóhùn switch, èyí tí ó máa ń tan ẹni tí ó bá fi ojú èdè abínibí wò ó.

2.0 Ìhun àti Ìtumọ̀

Ẹ wo àpẹẹrẹ yìí. Àṣẹ puts ni kí kọ̀ǹpútà kọ ọ̀rọ̀ tí ó tẹ̀lé e síta.

(1) switch (n) {
    case 1: puts("ení");
    case 2: puts("èjì"); break;
    default: puts("òmíràn");
    }

Ìtumọ̀ tí yóò kọ́kọ́ wá sí wa lọ́kàn ni (2):

(2) Bí n bá jẹ́ 1, kọ ‘ení’. Bí ó bá jẹ́ 2, kọ ‘èjì’. Bí kò bá jẹ́ ọ̀kankan nínú wọn, kọ ‘òmíràn’.

Ìtumọ̀ yìí kò tọ̀nà. Ní (2), ‘bí’ kọ̀ọ̀kan ní awẹ́ gbólóhùn tirẹ̀ tí ó ń ṣàkóso. Ṣùgbọ́n case kò ṣàkóso ohunkóhun. Àmì lásán ni, tí ó ń fi ibi tí kọ̀ǹpútà yóò ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ hàn. Bí n bá jẹ́ 1, kọ̀ǹpútà yóò bẹ̀rẹ̀ láti case 1, yóò sì máa bá iṣẹ́ lọ sísàlẹ̀ títí yóò fi kan break. Nítorí náà, ‘ení’ àti ‘èjì’ ni yóò kọ. Bí n bá jẹ́ 2, ‘èjì’ nìkan ni yóò kọ.

Ìwà yìí ní ìwúlò tirẹ̀. Bí a bá fẹ́ dá fáwẹ̀lì mọ̀, case 'a': case 'e': case 'i': lè tò tẹ̀léra, kí gbogbo wọn sì jùmọ̀ lo àṣẹ kan ṣoṣo.

3.0 Iṣẹ́ break

break kì í mú kọ̀ǹpútà jáde kúrò nínú if. Inú switch tàbí àṣẹ àṣetúnṣe (bíi while àti for) tí ó sún mọ́ ọn jù lọ ni ó ń mú un jáde. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Ní ọjọ́ 15, oṣù January, 1990, ètò tẹlifóònù ọ̀nà jíjìn ti AT&T ní Amẹ́ríkà dàrú fún nǹkan bí wákàtí mẹ́sàn-án. break kan tí wọ́n fi sínú if láàárín switch ni ó fà á. Ilé-iṣẹ́ yìí gan-an ni ó ni Bell Labs nígbà náà, níbi tí a ti bí èdè C.

4.0 Àgbálọgbábọ̀

Láti ọdún 2017 ni GCC, tí ó ń túmọ̀ C sí èdè ẹ̀rọ, ti lè kìlọ̀ fún ẹni tí ó bá gbàgbé break. Ìlànà èdè C tí ó jáde ní 2024 sì ní àmì [[fallthrough]], tí òǹkọ̀wé yóò fi sọ pé òun mọ̀ọ́mọ̀ yọ break sílẹ̀ ni. Ẹni tí yóò kọ́ni ní gbólóhùn yìí kò gbọdọ̀ fi ‘bí’ túmọ̀ case. Kí ó sọ pé case ni ẹnu ọ̀nà àbáwọlé, break sì ni ti àbájáde.