Ta Ló Ń Fi Ọṣẹ Fọwọ́ Ní Tòótọ́?

Ẹ̀yin òbí, ẹ bi àwọn ọmọ yín bóyá wọ́n fi ọṣẹ fọwọ́ nígbà tí wọ́n ti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ dé, "bẹ́ẹ̀ ni" ni wọn yóò dáhùn. Àwa àgbà náà kò yàtọ̀. Kò sẹ́ni tó fẹ́ kí wọ́n pe òun ní ọ̀bùn, ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń ṣèwádìí nípa ìwà ẹ̀dá kì í fi gbára lé ọ̀rọ̀ ẹnu nìkan.

Ẹ wo iṣẹ́ tí àwọn olùwádìí láti London School of Hygiene and Tropical Medicine ṣe, tí èsì rẹ̀ jáde ní 2009. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ibì kan tí àwọn arìnrìn-àjò ti ń yà sinmi lójú ọ̀nà márosẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti ṣe é. Ẹ̀rọ ló ń ka iye ìgbà tí èèyàn wọlé, tó sì ń ka iye ìgbà tí wọ́n lo ọṣẹ. Ìwọlé tí wọ́n kà tó nǹkan bí 200,000.

Wọ́n gbé pátákó oníná síbẹ̀, ọ̀rọ̀ ojú rẹ̀ sì ń yí padà. Nígbà mìíràn, wọn kì í kọ nǹkan kan sí i. Òfìfo yẹn gan-an ni ọkàn iṣẹ́ náà lójú tiwa. Bí kò bá sí i, báwo ni a ó ṣe mọ̀ bóyá ọ̀rọ̀ náà ló sún èèyàn dé ìdí ọṣẹ, àbí wọn ì bá fọwọ́ náà bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀? Ká ní ọjọ́ Sátidé nìkan ni ọ̀rọ̀ kan sì jáde, ó lè jẹ́ pé èrò Sátidé ló yàtọ̀.

Lápapọ̀, nínú 100 ìwọlé ọkùnrin, nǹkan bí 32 péré ni wọ́n lo ọṣẹ. Ti obìnrin jẹ́ 64. Ọ̀rọ̀ tó ń kóni nírìíra ló mú ọkùnrin jù, ìránnilétí pé omi lásán kì í pa kòkòrò àrùn ló mú obìnrin. Èyí tó bi wọ́n bóyá ẹni ẹ̀gbẹ́ wọn ń fi ọṣẹ fọwọ́ mú tọkùnrin tobìnrin. (Ẹ̀rọ kò kúkú lè sọ bóyá wọ́n ń ṣe é nílé.)

Omi àlùwàlá kì í wọ́n wa ní mọ́sálásí. Ọṣẹ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ni kí a wò. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ti ilé rẹ̀, kó fàmì sára ìgò ọṣẹ olómi, kó má sọ fún ẹnikẹ́ni, kó wo ibi tó bá a lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan. Lọ́sẹ̀ kejì, kó lẹ ìwé ìránnilétí mọ́ ògiri, kó tún wò ó.